Ọmọ Tó Ka Pátákó Tán, Tí Kò Lè Ka Ìwé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nnà Ètò Ẹ̀kọ́ àti Ètò Ìlera

Sí ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ẹ̀kọ́ àti ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì:

Ọ̀rọ̀ ojú àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni lẹ́tà yìí gbé wá, ó sì dá lórí ohun kan tí àyẹ̀wò ojú tó wọ́pọ̀ nílé ìwé kò lè rí.

Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá dé ilé ìwé láti yẹ ojú ọmọ wò, pátákó lẹ́tà ló sábà máa ń gbé dání. Á gbé e kọ́ ara ògiri, á wọn mítà 6, á fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀, á sì ní kí ọmọ dúró sórí ìlà náà, kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, kó máa ka lẹ́tà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ọmọ tó bá kà á dé ìsàlẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú rẹ̀ dá ṣáṣá, wọ́n á pe ẹni tó kàn. Àyẹ̀wò yìí dára. Kò náni lówó, ó sì ń tú àṣírí ọmọ tí kì í rí ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn wà láàárín àwọn tó yege wọ̀nyẹn. Ó ka gbogbo lẹ́tà láìṣi ẹyọ kan, ó padà sí kíláàsì, ó ṣí ìwé kíkà rẹ̀, kò sì tíì ka ojú ewé kan tán tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì lójú rẹ̀.

Ọmọ náà kò purọ́ nídìí pátákó. Òṣìṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò náà kò fi iṣẹ́ ṣeré. Ojú ọmọdé ló ní agbára kan tí ojú àgbà ti pàdánù, agbára yẹn gan-an ló sì bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó yẹ kí ẹni tó ń pín owó fún àyẹ̀wò mọ bí agbára náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Dáyọ́pítà ni àwọn oníṣègùn ojú fi ń wọn agbára awò. Awò tó bá kó ìmọ́lẹ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn wá jọ sójú kan ní mítà kan jẹ́ dáyọ́pítà 1. Èyí tó bá kó o jọ ní ìdajì mítà jẹ́ 2. Ojú èèyàn lódindi ní nǹkan bí 60. Kọ́níà, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara níwájú ojú, ló ni bí 43 nínú rẹ̀, kì í sì í yí padà bó ti wù kí èèyàn tẹjú mọ́ nǹkan tó. Lẹ́ńsì ló ni ìyókù. Ẹ̀yìn ọmọlójú ló wà, kò tóbi, ó rọ̀ gan-an lára ọmọdé, òun sì ni ohun tó ń yí padà nígbà tí ọmọ bá gbé ojú kúrò lára pátákó lọ sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn okùn tín-ín-rín ló so lẹ́ńsì yìí rọ̀ yíká, wọ́n sì so mọ́ iṣan róbótó kan tó yí i po. Ẹni tó bá mọ dùndún á tètè rí bó ṣe rí, bó bá lè yí i sódì. Lára ìlù, onílù á fún ọsán mọ́ra, awọ á le. Nínú ojú, ìgbà tí iṣan bá sinmi ni okùn ń le, tó ń fa lẹ́ńsì kó fẹ̀ pẹrẹsẹ. Ọ̀ọ́kán ni ojú ń rí kedere nígbà yẹn. Bí ọmọ bá tẹjú mọ́ ìwé, iṣan á sún kì, òrùka rẹ̀ á kéré, okùn á dẹ̀, lẹ́ńsì á ká ara rẹ̀ jọ, ikùn rẹ̀ á yọ síwájú, agbára rẹ̀ á sì lọ sókè. Hermann von Helmholtz, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló ṣe àlàyé yìí ní ọdún 1855, òun náà ni wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn títí di òní.

Ìyípadà náà kéré tí a bá fi rúlà wọ̀n ọ́n. Kí ọmọ tó lè ka ìwé ní sẹ̀ǹtímítà 25, lẹ́ńsì rẹ̀ á nípọn sí i ní nǹkan bí ìdámẹ́rin mílímítà péré, gbogbo rẹ̀ á sì parí láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lẹ́ńsì nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé ìka sún mọ́ imú ọmọ kan díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀: ẹyinjú méjèèjì á yí sí ọ̀nà imú, ọmọlójú á sì fún pọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rìn pọ̀ ni, ọpọlọ ló so wọ́n mọ́ra. Kódà nígbà tí ọmọ bá tẹjú mọ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, lẹ́ńsì kì í dúró sójú kan. Ó ń gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́ láìdákẹ́, apá kan nínú gbígbọ̀n náà sì ń tẹ̀lé bí ọkàn ọmọ náà ṣe ń lù.

Kò rọrùn fún ayé láti gbà pé lẹ́ńsì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ní kọ́níà ló ń yọ síwájú. Àwọn mìíràn ní ẹyinjú fúnra rẹ̀ ló ń gùn. Thomas Young, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ojú ara rẹ̀ dán an wò, tó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1801. Ó fi omi bo iwájú ojú rẹ̀ kí agbára kọ́níà má baà ṣiṣẹ́ mọ́, ó fi awò kékeré kan rọ́pò rẹ̀, ó sì rí i pé òun ṣì ń rí ohun tó wà nítòsí àti ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán bí òun ṣe ń rí wọn tẹ́lẹ̀. Ó fi irin há ẹyinjú rẹ̀ síwá-sẹ́yìn kó má baà ráàyè gùn. Kò yí nǹkan kan padà. Ó wá lọ yẹ àwọn tí wọ́n ti yọ lẹ́ńsì ojú wọn nítorí kàtáráàtì wò. Àwọn yẹn kò lè yí ojú wọn láti ọ̀ọ́kán sí ìtòsí rárá. Bí àríyànjiyàn ṣe rí ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Agbára yìí ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Ọmọ ọdún 10 ní nǹkan bí dáyọ́pítà 14, èyí tó túmọ̀ sí pé ó lè rí lẹ́tà kedere ní sẹ̀ǹtímítà 7 péré sí ojú rẹ̀. Nígbà tí èèyàn bá fi pé ẹni 40 ọdún, ó ti bọ́ sí nǹkan bí 5 tàbí 6. Ní ọdún 60, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ku nǹkan kan. Ìdí nìyí tí bàbá àti ìyá wa fi ń na Bíbélì tàbí Àlùkùránì sí òkèèrè kí wọ́n tó lè kà á, tí ẹni kẹ́ni kò sì bú wọn. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ojú àgbà ló dé. Ti ọmọdé ni kò sẹ́ni tó ń fura sí, nítorí a ti gbà pé ojú rẹ̀ ṣì tuntun.

Bẹ́ẹ̀ ojú tuntun náà ṣì ń dàgbà ni. Ẹyinjú ọmọ tuntun kò gùn ju nǹkan bí mílímítà 17 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn; ti àgbàlagbà jẹ́ nǹkan bí 24. Nígbà tí ẹyinjú bá kúrú, ẹ̀yìn rẹtínà, ìyẹn ibi tí àwòrán yẹ kó bọ́ sí, ni ìmọ́lẹ̀ máa ń fẹ́ pàdé sí. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí lójú ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tuntun. Bí ojú ṣe ń gùn ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ ara rẹ̀ fún púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó wọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n kì í tọ́ fún gbogbo wọn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣẹ́kù yìí sì ni pátákó mítà 6 ti ń tàn wá jẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ ọdún 7 kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹyinjú rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ku dáyọ́pítà 4 kó tó rí nǹkan kedere. Wọ́n gbé e dúró níwájú pátákó. Ojú rẹ̀ kò sinmi rárá nígbà yẹn bí ti ọmọ tó dúró tì í: iṣan inú ojú rẹ̀ ti sún kì, ó ti yọ 4 nínú nǹkan bí 15 tó ní lápò, ó sì fi dí àlàfo náà. Ó ka pátákó. Ó yege. Ó wá padà sí kíláàsì, ó ṣí ìwé ní sẹ̀ǹtímítà 25. Ọmọ tó jókòó tì í nílò 4 láti kà á. Òun nílò 8, nítorí gbèsè 4 àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ojú sì gbà pé ẹni tó bá ń ná ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ kò lè fi ìrọ̀rùn kàwé pẹ́. Ìdajì ọmọ yìí ti tán.

Ohun tí olùkọ́ á wá rí nìyí. Ọmọ á kàwé dáadáa fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fo ìlà. Á fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú. Á gbé ojú sókè wo fèrèsé, nítorí ibẹ̀ ló ti ń sinmi díẹ̀, olùkọ́ á sì ní àfiyèsí rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀kọ́. Nígbà mìíràn, á gbé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú, kí lẹ́tà lè tóbi lójú rẹ̀ bí kò tilẹ̀ mọ́. Orí á máa fọ́ ọ lọ́sàn-án ọjọ́ ilé ìwé, kì í sì í fọ́ ọ nígbà ìsinmi. Bí olùkọ́ bá kọ nǹkan sójú pátákó, òun ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣí ìwé, á dákẹ́. Nínú kíláàsì tó kún fún ọmọ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ tí ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ ni olódo, tàbí ọ̀lẹ. Nílé, wọ́n á ní ó kàn kórìíra ìwé ni.

Wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí èyí. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ojú ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún 4 àti 5 tí kò tíì wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ojú wọn kúrú bí ti ọmọ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, tí wọn kò sì tíì lo awò, rẹlẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú ìdánwò ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àkọ́kọ́, pàápàá àwọn tí kò ríran dáadáa nítòsí. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìwé tí wọ́n fi ti wà lẹ́yìn.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà tó hàn sí gbogbo ayé, tí a kì í sì í mọ orísun rẹ̀. Níwọ̀n bí ọpọlọ ti so iṣẹ́ lẹ́ńsì pọ̀ mọ́ yíyí ẹyinjú sí ọ̀nà imú, ọmọ tó ń fi tipátipá yọ agbára lẹ́ńsì máa ń fa ẹyinjú rẹ̀ náà wọlé. Nígbà tó bá tó bí ọmọ ọdún 2 tàbí 3, ojú kan á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Àwọn òbí á ní bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, tàbí pé ó gbé e lára ẹnì kan nínú ìdílé, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Franciscus Donders, oníṣègùn ojú ní Utrecht ní ilẹ̀ Netherlands, ti ṣàlàyé okùnfà rẹ̀ nínú ìwé ńlá tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1864. Awò tó bá gba iṣẹ́ náà ṣe fún lẹ́ńsì lè dá ojú bẹ́ẹ̀ padà sí ọ̀gangan rẹ̀ láìsí iṣẹ́ abẹ, bí wọ́n bá tètè fún ọmọ náà. Bí ó bá pẹ́ jù, ọpọlọ á kọ ojú tó wọ́ yẹn sílẹ̀, kò ní kọbi ara sí ohun tó ń rán wá mọ́, awò nìkan kò sì ní tó láti mú ìríran ibẹ̀ bọ̀ sípò.

Èyí tó ń dunni jù ni ìgbà tí a bá fún ọmọ ní awò tí kò yẹ ẹ́. Ó rọrùn láti ṣe ju bí a ti rò lọ. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń wọn ojú. Ọmọ á gbé àgbọ̀n lé e, á wo inú ihò rẹ̀, ẹ̀rọ á sì tẹ nọ́ńbà jáde lórí ìwé pẹlẹbẹ. Nínú ihò náà, àwòrán bàlúùnù ńlá kan tó léfòó lókè ojú ọ̀nà gbọọrọ ló sábà máa ń wà, kí ọmọ lè rò pé ọ̀ọ́kán lòun ń wò. Ọmọ kì í gbà á gbọ́. Ó mọ̀ pé inú ẹ̀rọ tó wà níwájú imú òun ni bàlúùnù náà wà, lẹ́ńsì rẹ̀ á sì ká ara rẹ̀ jọ láti wò ó. Ẹ̀rọ á wá sọ pé ojú rẹ̀ lágbára jù, pé kò rí ọ̀ọ́kán, a ó sì kọ awò tó ń dín agbára kù fún un. Ọmọ tó ti ń fi làálàá kàwé tẹ́lẹ̀ wá ní ẹrù kún ẹrù lójú. Nítorí pé lẹ́ńsì ọmọdé lè gbé ẹrù náà, á wọ awò náà, á ní òun ríran. Orí á túbọ̀ máa fọ́ ọ.

Òògùn àkánsójú ló ń yanjú rẹ̀. Cyclopentolate ni wọ́n sábà ń lò, tàbí atropine, tó wà lára àwọn òògùn kòṣeémánìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé to orúkọ wọn jọ. Ó máa ń ta ọmọ lójú díẹ̀ bí wọ́n bá kán an. Iṣan inú ojú á wá sinmi pátápátá, ọmọlójú á là gbàgà, lẹ́ńsì kò sì ní lè fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Ojú dúdú bí ti àwa máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gba òògùn náà ju ojú àwọn òyìnbó tó mọ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lọ, ó sì sábà máa ń gba kíkán ẹ̀ẹ̀kejì. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tó bá kán òògùn, tí kò sì dúró ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò tíì ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ cyclopentolate, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45 ló yẹ kó fi sílẹ̀, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣan ti sùn ní tòótọ́.

Ibi tí òótọ́ ti ń jáde nìyí. Oníṣègùn á pa iná yàrá, á mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní rẹ́tínósíkóòpù, á sì fi ìlà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbá ojú ọmọ láti apá kan dé ìkejì. Nínú ọmọlójú tó ti là, ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú á yọ, á sì máa rìn. Bí ó bá ń bá tọ́ọ̀ṣì rìn lọ́nà kan náà, oníṣègùn á gbé awò kan síwájú ojú náà, á tún gbá a. Á gbé èyí tó lágbára sí i, á tún gbá a. Títí ìmọ́lẹ̀ náà á fi kún gbogbo ọmọlójú lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì ní rìn mọ́. Awò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, lẹ́yìn tó bá ti yọ iye dáyọ́pítà tí jíjìnnà ibi tó jókòó sí ojú ọmọ fà kúrò, ni ìwọ̀n ojú ọmọ náà. Ọmọ kò ní láti dáhùn ìbéèrè kankan. Ọmọ tí kò tíì mọ A yàtọ̀ sí B, kódà ìkókó, wọ́n lè ṣe é fún un.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá lórí ojú àwọn ọmọ ilé ìwé ní nǹkan bí ọdún 2000, ní Ṣáínà, ní Nepal àti ní Chile, kí wọ́n tó tún dé Íńdíà àti Durban ní South Africa, ìlànà kan náà ni wọ́n lò níbi gbogbo, kíkán òògùn sójú ọmọ sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé láìsí i, nọ́ńbà tí àwọn bá kó jọ kò ní ṣeé gbára lé. Bí àwọn tó kàn fẹ́ ka iye ọmọ bá ń ṣe é, ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gbé awò lé ọmọ lójú ṣe é pẹ̀lú.

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà, lẹ́tà yìí kò bẹ̀ yín pé kí ẹ kán òògùn sójú gbogbo ọmọ. Ìyẹn kò ṣeé ṣe, kò sì pọn dandan. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí àyẹ̀wò ilé ìwé fi ohun méjì kún pátákó mítà 6, èyí tí kò ní gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni awò +2, ìyẹn awò tó ń fi dáyọ́pítà 2 kún agbára ojú, tí wọ́n á gbé sójú ọmọ tó bá ti ka pátákó tán, kí wọ́n sì ní kó tún un kà. Ojú tó péye kò ní lè kà á mọ́, nítorí awò náà ti fi agbára kún agbára, ojú tó ti sinmi kò sì lè sinmi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá ṣì ń kà á geerege ni ọmọ tí a ń wá: awò náà ti gba ẹrù tó ń gbé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkejì ni rúlà ilé ìwé àti káàdì tí lẹ́tà kékeré wà lára rẹ̀. Kí wọ́n gbé káàdì náà sún mọ́ ojú ọmọ díẹ̀díẹ̀, kó sọ ìgbà tó bá di bàìbàì, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ọmọ ọdún 8 yẹ kó lè rí i kedere títí dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8. Bó bá ti di bàìbàì ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí orúkọ wọn bá wà nínú ìwé yẹn nìkan ló nílò òògùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló dára jù fún òògùn náà. Ọmọ tí wọ́n bá kán cyclopentolate fún kò ní lè kàwé dáadáa fún wákàtí púpọ̀, ó lè dé ọjọ́ kejì, oòrùn á sì máa dà á láàmú. Àwọn òbí gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí ṣáájú, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà pariwo pé wọ́n fọ́ ọmọ òun lójú. Ọmọ díẹ̀ máa ń tòògbé tàbí kí wọ́n máa sọ ìsọkúsọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, abẹ́ ojú oníṣègùn ni kí wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe lábẹ́ igi nínú ọgbà ilé ìwé.

Bí ẹ bá ní kò sí òṣìṣẹ́, ẹ wo àárín àwọn agùnbánirọ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ojú ní Yunifásítì Ìlú Benin àti láwọn yunifásítì mìíràn ń jáde láti sin ilẹ̀ bàbá wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ fún ọdún gbọọrọ nìyí. Ìjọba ìpínlẹ̀ lè béèrè fún wọn, kó sì fi wọ́n sí ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ láti máa gba àwọn ọmọ tí ilé ìwé bá rán wá. Ìlànà ìlera ilé ìwé tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2006 sì ti fi àyẹ̀wò ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú iṣẹ́ ilé ìwé. Kò sí òfin tuntun tí ẹ ní láti ṣe.

Àwọn ènìyàn wa kò kọ awò. Láti ọdún 2001 ni ètò Jígí Bọ́lá ti mú ìtọ́jú ojú àti awò ọ̀fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó, ìjọba àpapọ̀ sì gbé Jígí Bọ́lá 2.0 dìde ní ọdún 2024. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ran ojú àgbà lọ́wọ́ gan-an, nítorí awò ìkàwé tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ń bá ojú ọ̀pọ̀ àgbà mu. Ojú ọmọdé kò gba ohun tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀. Ó yẹ kí apá kan owó bẹ́ẹ̀ wà fún ọmọ: fún òògùn, fún awò tí wọ́n gé ní ìwọ̀n ojú rẹ̀, àti fún férémù tó bá imú rẹ̀ mu, tí kò ní máa yọ̀ bọ́ nígbà tó bá ń sáré. Ní àgbègbè Gansu àti Shaanxi ní Ṣáínà, wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ilé ìwé 252, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2014. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó nílò awò níbẹ̀ ni kò rí ọ̀ọ́kán, kì í ṣe ìtòsí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó kàn wá ni pé àwọn tí wọ́n fún ní awò lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe dáadáa sí i nínú ìṣirò.

Àìrí ọ̀ọ́kán náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa bí fóònù àti lẹ́sìnnì ṣe ń pọ̀ sí i, ó sì sàn ká ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nísinsìnyí. Láti ọdún 2010 ni Taiwan ti ní kí ọmọ máa lo ìṣẹ́jú 120 níta gbangba lójoojúmọ́. Ní Guangzhou ní Ṣáínà, wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 níta kún ọjọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọdún 3. Nínú àwọn tó jáde, ìdá 30.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló di ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán, ìdá 39.5 sì ni láàárín àwọn tí kò jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ilé ìwé tó bá ń fi àkókò eré ìsinmi kọ́ ìṣirò sí i, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ kò ní láti tóbi. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú ìjọba ìbílẹ̀ kan ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ bá wọlé fún sáà tuntun, kó bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta, níbi tí ìwé kíkà ti ń gbilẹ̀. Kí wọ́n fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní awò +2 kan, káàdì kan àti rúlà kan, kí nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ kan sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n. Kí wọ́n kọ iye ọmọ tó yege níwájú pátákó ṣùgbọ́n tí awò +2 tú àṣírí rẹ̀, àti iye àwọn tí òògùn fi hàn pé wọ́n nílò awò ní tòótọ́. Nígbà tí sáà kejì bá parí, kí ẹ gbé nọ́ńbà náà síta fún àwọn òbí, kí wọ́n sì bi yín léèrè ìgbà tí yóò dé ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn.